Ẹkún Dúródèmí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025
Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Bí mo ṣe jáde báyìí ni ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ó ń ha ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo sọ ọ́ ní Dúródèmí! Orúkọ a máa ro ọmọ — kò ro ajá.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí onílé wa, ní ikú ló ń pè wá bá àwọn. Baba Kọ́kọ́rọ́ (onílé náà ni, èmi àti ìwé yìí nìkan la mọ orúkọ yẹn) ní tó bá ṣì ń hu lópin oṣù, àwọn á fà á lé ọdẹ lọ́wọ́ ní ìlú Ìrókò. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 5
Mo tan rédíò sílẹ̀ fún un. Ó bá rédíò hu.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá Àgbà ní kò hu rárá lónìí. "Aṣọ funfun yín yẹn lágbára o! Àǹjọ̀nnú ara ajá ẹ sá fún un." Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lóòótọ́, ọjọ́ Àìkú tó kọjá náà, kò hu. Kí ló dé?

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo rí i! Mo kàn nawọ́ sí bàtà ni, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ sùtánà lọ sí Kérúbù. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ò wọ bàtà ò lọ jìnnà.

Àǹjọ̀nnú kọ́. Ẹ̀rù ni — pé mi ò ní padà wá. Inú àpò ni mo ti bá a létí títì nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo wọ bàtà se ọbẹ̀. Mo wọ bàtà gbálẹ̀. Mo wọ bàtà jókòó, mi ò lọ síbì kankan. Ayọ̀mikún, akẹ́kọ̀ọ́ yàrá kejì tó ti ń bá mi jókòó tì í báyìí tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, bi mí pé ṣé orí mi pé. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo wọ bàtà, mo dé ìdí kànga, mo wọlé. Mo dé géètì, mo wọlé. Mi ò dágbére, mi ò kí i. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Mo dá a fi sílẹ̀ lọ sọ́jà. Ó hu lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo jó lójú títì!

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Ọjọ́ pé. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dá a fi sílẹ̀ látàárọ̀ — èmi gan-an ló kù kí n máa hu. Mo dé, Baba Kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Gbọ́njúbọ́lá, o ti gbé ajá ẹ lọ ni? Ìyá ń bèèrè. A ò gbúròó ẹ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn. Dúródèmí na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó ń sùn. Ó la ojú kan, ó wò mí, ó tún pa á dé.

Baba wò ó títí. "Ajá yìí ò mà kà ẹ́ sí mọ́ o! Jẹ́ kó máa gbé."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ta ni wọ́n ò kà sí rí, tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí?