Èmi Ni Mo Dá Orin Tí Wọ́n Fi Bú Baba Alága

Èmi ni mo dá orin náà sílẹ̀. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n mí ná... ó ti lé lóṣù kan tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún, n kò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò lè sọ ọ́ fún pásítọ̀, n kò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi tó wà ní Kuta. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Mo gbé oúnjẹ kaná, ó jóná. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò dára, ẹ má wulẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, mo ti bú ara mi tó. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Orúkọ mi kò ṣe é kọ síbí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ìwó ni mo wà, aránṣọ ni mí, mo kàwé dé sítáńdàádì fọ́ọ̀, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹgbẹ́ òṣèlú Onífìtílà ni ọkọ mi ń ṣe, èmi náà sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn. Ilé kẹta sí tiwa ni ilé Baba Alága. Bàbá yìí ló ṣe alága kánsù wa tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ Alágogo ni tiwọn, àwọn tí a jọ ń du ìlú. Nígbà ìdìbò tó kọjá, a fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀. Ipò bọ́ lọ́wọ́ wọn ṣùgbọ́n orúkọ kò bọ́, Baba Alága náà ni tọmọdé tàgbà ṣì ń pè wọ́n.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdìbò ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Wọ́n ń runyín lọ́wọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ṣubú lulẹ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn pátápátá. Háà, ẹ ò bá wá wo ìlú! Àwọn Alágogo ní àwa la fi nǹkan ṣe wọ́n, pé a ti ri nǹkan mọ́ ẹnu ọ̀nà kánsù kí ìdìbò tó dé. Àwọn tiwa ní ẹ̀san ni, pé Ọlọ́run kì í sùn. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ tirẹ̀ nínú ilé mọ ohun tó ń ṣe Baba Alága! Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí pásítọ̀ ní ká gbàdúrà fún wọn, apá kan ké àmín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù òrùlé, apá ibi tí àwa Onífìtílà jókòó sí dákẹ́ lọ gbári. Èmi náà gbé àmín tèmi mì. Àmín o! Ta ló ń gbé àmín mì?

Ẹ ó bi mí pé kí ni Bàbá ṣe fún mi. Ewúrẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wà lórí oyè ni kánsù ṣòfin pé ewúrẹ́ tó bá ń rìn kiri ìgboro, kí wọ́n mú un lọ sọ́gbà ẹran. Wọ́n mú tèmi, abo ńlá tó lóyún, ewúrẹ́ tí mo fi owó aṣọ méje tí mo rán rà. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá ní pálọ̀ wọn, mo ní ilé kẹta ni mo wà, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ní òfin kò mọ aládùúgbò. Oòrùn pa ewúrẹ́ náà sínú ọgbà kó tó di pé mo gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, kò sì jáde. Ẹlòmíràn ń ṣe òṣèlú nítorí ọ̀nà ọ̀dà, ẹlòmíràn nítorí ilé ìwé, èmi nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe ń ṣe tèmi.

Ìgbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, àwa obìnrin Onífìtílà ṣèpàdé. Wọ́n ní a ò lórin tuntun mọ́, pé orin ìdìbò ti sú àwọn èèyàn. Ẹnìkan dárúkọ ẹnu Baba Alága. Àfi bí mo ṣe la ẹnu mi yìí, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú, mo gbé e:

Ẹnu tó ń pàṣẹ fún wa lánàá,
Ó ti wọ́ o, ó ti wọ́!
Ọwọ́ tó kó wa léwúrẹ́ lọ,
Ó ti rọ o, ó ti rọ!

Èmi ń lé, wọ́n ń gbè. A rín títí a fi ń di ògiri mú. Àgbàlagbà tó jù mí lọ ní ọgbọ̀n ọdún, mo ń pè é ní "ó, ó" bí ẹni ń bú ọmọ ọdún méje. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé orin náà kọjá níwájú ilé wọn lọ́jọ́ ọjà, mo ní orí ń fọ́ mi, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn mi. Obìnrin mìíràn ló bá wa lé e. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe dúró sábẹ́ fèrèsé Bàbá tí wọ́n ń tún un kọ, tí wọ́n ń tún un kọ... Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àwọn ọmọdé títí dé ìlú Ilé-Ogbó ti fi ń pàtẹ́wọ́ ṣeré. Ìyá mi gan-an kọ ọ́ fún mi nígbà tí mo lọ sí Kuta, ó ní ta ló dá orin dídùn báyìí sílẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dé. Ìyá Alága, ìyàwó Bàbá, fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sílé mi. Wọ́n ní dọ́kítà ní kí wọ́n máa bá Bàbá sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kọrin fún wọn, bóyá ahọ́n á rántí. Wọ́n ní nígbà tí ara Bàbá ṣì le, ohùn tèmi ni wọ́n máa ń yìn bí wọ́n bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, pé ṣé mo lè máa wá lọ́sàn-án, díẹ̀ díẹ̀. Kí ni kí n wí? Ṣé mo fẹ́ kọ̀ láti kí aláìsàn ni? Kí ni wọ́n máa pè mí ní Ìwó bí mo bá kọ̀? Ọkọ mi ráhùn títí, lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ, kí n sì máa wò ó bóyá wọn yóò tún dìde fún ìdìbò tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ń dúró dè mí lójú ọ̀nà, ṣé ẹnu ti tọ́, ṣé ọwọ́ ti gbé. Mo di amí nílé aláìsàn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ orin ìyìn fún wọn. Wọn a máa wò mí, omi a máa bọ́ lójú ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìyá Alága á máa nu itọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n á máa bá mi tàkúrọ̀sọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ewúrẹ́ mi kú sọ́gbà ẹran, méjì nínú ewúrẹ́ Ìyá Alága fúnra wọn wà níbẹ̀, ọ̀kan kú. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n. Ìyá Alága kò fún Bàbá lóúnjẹ jẹ fún ọjọ́ méjì, Bàbá sì ní òfin kò mọ ìyàwó. Ìdí tí mo rò pé mo ní láti bínú sí wọn, kò sí nílẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá ni wàhálà dé. Mo sinmi díẹ̀ láti mu omi, ni Baba Alága bá la ẹnu. Ẹni tí kò lè bèèrè omi, tí kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi, orin mi ló jáde. Gbogbo rẹ̀, ó já geerege, "Ẹnu tó ń pàṣẹ fún wa lánàá..." Ìyá Alága fò sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó, kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹnu ń wí. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní ẹ jẹ́ kí Bàbá kọ ọ́, bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tí ẹnu wọn rí nìyẹn, kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní gbe èébú bàbá àwọn. Ìyá Alága wá yíjú sí mi. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó, bá wọn gbè é. Àgbà obìnrin bẹ̀ mí! Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń lé, tí èmi ń gbè. "Ó ti wọ́ o, ó ti wọ́!" Ní ojoojúmọ́, ní ojú ìyàwó wọn.

Ó sì ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti ń já bọ́ láti inú orin wá. "Ewúrẹ́" ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà "ọwọ́", lẹ́yìn náà "lánàá". Lọ́jọ́rú wọ́n ní "omi". Orin ìyìn kò ṣe é, àdúrà kò ṣe é, èébú mi ló ń ṣe é. Ṣé Ọlọ́run ń fi mí ṣẹ̀sín ni? Dọ́kítà sì ti sọ fún Ìyá Alága pé bí irú rẹ̀ bá tún kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má retí àtijí. Ó lè jẹ́ ọ̀la. Ó lè jẹ́ òní tí mo ń kọ̀wé yìí. Ṣé kí wọ́n lọ láìjẹ́ pé mo ní ẹ forí jì mí?

Ìròyìn ti jáde. Àwọn tiwa ń rín pé Baba Alága ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ bú ara rẹ̀, wọ́n ní kí n fi ìyẹn kún orin. Mo kọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú, ó ní bí mo bá ti yí padà, òun á sọ fáyé ẹni tó dá orin sílẹ̀. Àkọ́bí Bàbá, tó ń ṣe tíṣà, ti fọwọ́ lé Bíbélì pé òun á rí onítọ̀hún, ìlú yìí kò ní gba àwọn méjèèjì. Ìyá Alága nìkan ló sọ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí ẹni náà láàárín àwọn obìnrin wa, àwọn ò ní bá a jà, ṣé ó lè wá fi ẹsẹ̀ mìíràn kún un, torí Bàbá ti kọ èyí tó wà nílẹ̀ tán. Ṣé òótọ́ ni? Àbí àgbà ń dẹ okùn fún mi? Bí mo bá jẹ́wọ́ tí wọ́n lé mi, ta ni yóò máa gbè fún Bàbá? Ṣé ọ̀rọ̀ ò ní padà sínú? Bí n kò bá jẹ́wọ́, tí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ilé yẹn?

Lánàá ni mo pinnu pé màá kọ̀wé sí yín. Ìyá Alága lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé. Ó ku èmi àti Bàbá. Mo dúró kí wọ́n lé, kí n gbè. Wọn ò lé. Ègbè ni wọ́n mú, àwọn fúnra wọn, "Ó ti rọ o, ó ti rọ", wọ́n sì dákẹ́, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ń dúró. Ẹ mọ̀ pé níbí, tí ẹni tó dá orin bá wà níjókòó, òun la máa ń fi lílé sílẹ̀ fún. Ẹlòmíràn kì í gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n tún gbè é, wọ́n tún dúró, wọ́n fi ọwọ́ òsì ta mí lórúnkún. Mo kúnlẹ̀, mo sì lé e. Kì í ṣe bí mo ṣe dá a ni mo ṣe lé e, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni:

Ẹnu tó wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá,
Ó ń tọ́ o, ó ń tọ́!
Ọwọ́ tó rọ tí a fi ṣẹ̀sín...

Ẹkún ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Alága ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, n kò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Bàbá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún lómi, ṣùgbọ́n lánàá wọ́n gbé ife náà síwájú mi, wọ́n ní kí n tètè dé lọ́la.

Ọ̀la náà ti dé. Ó ti di ọ̀sán, mo ti wọ aṣọ, mo sì jókòó síbí tí mò ń kọ̀wé sí àwọn tí n kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé mo ti jẹ́wọ́ àbí n kò tíì jẹ́wọ́? Ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, àbí kí n kàn lọ máa lé e? Ẹ tètè dá mi lóhùn o... láti ibi tí mo jókòó sí, mo ti ń gbọ́ Bàbá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ègbè.