Ọwọ́ Tí Bàbá Pẹ̀lúmi Nà Sókè

Màámi, ẹ kú ilé o. Èmi Fẹ́yìsayọ̀ ni, ìyàwó ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe fóònù Bàbá Pẹ̀lúmi mọ́, ó bọ́ sódò. Fóònù ló bọ́ sódò o.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á wọ ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun lópin ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn ọkọ̀ kékeré tí afẹ́fẹ́ máa ń fi aṣọ gbé lọ lórí omi. Ẹ sì mọ̀ pé odò tiwa nílé kò mu ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn gan-an.

Mo wà létí odò. Ìgbòkun àwọn yòókù bo ọkọ̀ rẹ̀ lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ tó nà sókè nìkan ni mo rí. Ẹ ṣáà mọ ọmọ yín: bó ru iṣu bọ̀ lójú ọ̀nà Ìdòfin, á ṣì na ọwọ́ kan kí èèyàn. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Èmi náà ń juwọ́, mo ń pariwo, "Ẹ kú eré o!" títí n kò fi rí ọwọ́ náà mọ́.

Wọ́n ti gbé e jáde nínú omi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń dún pí, pí lẹ́yìn mi yẹn, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni. Ó dáa kó máa dún bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá lọ ìṣọ́ òru, ẹ dárúkọ rẹ̀, àdúrà kì í pọ̀ jù. Ẹ bá wa kí gbogbo ilé. Bàbá Pẹ̀lúmi náà ń juwọ́ sí yín. Èmi ni mò ń bá a gbé ọwọ́ náà sókè.