Àlàárì Tó Di Dúdú Lójú Kàlẹ́ńdà

Agboolé Aláró,
Ìṣẹ́yìn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, 1988.

Àrínọlá Àǹkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ̀gá rẹ ní ilé ìtẹ̀wé. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ pẹ̀lú ara líle, kí òjò Ìbàdàn má ti dá ikọ́ yẹn padà sí ọ láyà. Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ràmọ́nì àbúrò rẹ wà dáadáa. Èmi náà ń mí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo ti gbé bírò sílẹ̀ kí n tó tún gbé e.

O rántí pé nígbà tí ẹgbẹ́ aláṣọ òkè wa fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún yìí, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó o, nítorí ìwé díẹ̀ tí mo kà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Mo bi ọ́ léèrè irú àwòrán tí a ó lò. O wálé nígbà náà, ò ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, o ní, "Màmá, fọ́tò dúdú-òun-funfun mọ ojú èèyàn yà, kò mọ àwọ̀ aṣọ. Tí ẹ bá fi ya àlàárì tó pupa, dúdú ni yóò dà, ìlà tín-ín-rín ara ẹtù á sì pòórá. Fọ́tò aláwọ̀ ni kí ẹ lò. Bí apá ẹgbẹ́ ò bá ká a, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ya ọnà aṣọ náà, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́." Mo ní mo ti gbọ́.

N kò gbọ́. Fọ́tò bàbá rẹ tó wà lára ògiri pálọ̀ ni mo wò. Dúdú-òun-funfun ni, ọdún ń gorí ọdún, kò ṣá, bàbá rẹ sì dúró nínú rẹ̀ bí ìjòyè. Èyí aláwọ̀ tí Ràmọ́nì yà nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo wí nínú ara mi pé ohun tó yẹ bàbá rẹ kò lè ṣàì yẹ aṣọ. Mo pe oní-fọ́tò, ó ya sányán, àlàárì àti ẹtù, a sì fi àlàárì sáàárín. Nígbà tí kàlẹ́ńdà dé, sányán nìkan ló dá yàtọ̀. Àwọn méjì yòókù jọra bí ìbejì. Mo rí i, mo panu mọ́. Mo ní ta ni kò mọ àlàárì?

Ìdílé kan ní Ṣakí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣe ìnáwó òkú bàbá wọn. Wọ́n rí aṣọ àárín pé ó dúdú, wọ́n gbà pé ẹtù ni, wọ́n sì ránṣẹ́ pé ti àárín ni kí a hun fún àwọn. Bàbá Ọ̀ṣuntókun, alága wa, hun àlàárì fún wọn. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù lójú àwọn àna wọn, aṣọ pupa ló jáde. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní a fi òkú baba àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Bàbá Ọ̀ṣuntókun bèèrè ẹni tó ní irú fọ́tò yìí ni kí a lò. Gbogbo ojú wà lára mi. Àrínọlá, èmi ìyá rẹ lanu, mo ní, "Ọmọ mi tó wà ní ilé ìtẹ̀wé n'Ìbàdàn ló ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ." Ìyá Abíọ́nà, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ, wà ní ìjókòó. Ó ní, "Ẹ gbà mí. Ọmọ tí ò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú ló ń bọ̀ wá se ọbẹ̀ fún Abíọ́nà? Àfi kó máa lọ èédú dípò ata." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ẹbí Abíọ́nà ní Adó-Àwáyè. Òun ló fà á tí wọ́n fi ní kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín ṣì dúró ná. O kọ̀wé bi mí pé kí ló dé, mo fèsì pé n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ní ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo dìde, mo ní, "Ọmọ mi sọ òótọ́ fún mi. Èmi ni n kò gbọ́. Mo sì parọ́ mọ́ ọn." Bàbá Ọ̀ṣuntókun ń wo òwú ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Abíọ́nà ló kọ́kọ́ fọhùn, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Àrínọlá, ẹ jẹ́ kí n kó èédú mi nílẹ̀." Ó ní òun fúnra òun ni yóò lọ sọ ọ́ ní Adó-Àwáyè bí òun ṣe gbọ́ ọ.

Ó ku àwọn kàlẹ́ńdà tí a kò tíì pín, àti àwọn tí wọ́n dá padà. Mo ní kí a lẹ àlàárì gidi mọ́ ojú àwòrán rẹ̀. N kò lè ní kí ẹnikẹ́ni gé aṣọ tirẹ̀ nítorí ẹjọ́ mi, nítorí náà mo gé ìborùn àlàárì ìyá mi, èyí tí mo gbé pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí fún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ. N kò bi ọ́ kí n tó gé e. Fi ìyẹn náà kún ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún.

Kí Ọlọ́run bá mi tún orúkọ rẹ ṣe níbi tí mo ti bà á jẹ́. Kí ilé ọkọ tù ọ́ lára. Kí ọjọ́ kan má dé tí ìwọ náà yóò fi ọmọ rẹ bo ìtìjú.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí ojú rẹ ń tì,
Fàtímọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn: A ti lẹ gbogbo kàlẹ́ńdà náà tán, àfi ti pálọ̀ wa. Ó ṣì dúdú níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ. Ìwọ̀nba àlàárì tó kù ni mo fi sínú àpòòwé yìí. Bí o bá dárí jì mí, má wulẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Mú un bọ̀ ní Iléyá, kí o fọwọ́ ara rẹ lẹ̀ ẹ́.