Bíréèkì tí Ṣùkúrát Ń Dúpẹ́ Rẹ̀

Agbowó, Ìbàdàn.

Bùrọ̀dá mi Láyí,

Mo kí yín, mo kí Àǹtí Moróunkẹ́ ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ tí òtútù Kánádà ń bá fínra. Ara Ìyá ti le díẹ̀, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wàkílù ọmọ mi ti ń ka Kùránì geere.

Ṣùkúrát ìyàwó mi nìkan ni kò lè dìde. Lọ́jọ́bọ̀, mo fi ọ̀kadà gbé e lọ ra ẹ̀wà ní Bódìjà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣàdédé dúró níwájú wa, mo tẹ bíréèkì, ọ̀kadà ò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lójú mi.

Bùrọ̀dá, ẹ ṣàánú mi. Owó bíréèkì àti táyà tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibí kì í fẹ́ gun ọ̀kadà tó ti gbó, ni mo bá fi ra iná aláwọ̀ mèremère, sípíkà àti ìjókòó tuntun. Ọ̀kadà Bàbá wa wá ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, bíréèkì àtijọ́ ló sì wà nídìí ẹ̀.

Mo ti ta sípíkà náà, mo kó owó ẹ̀ fún teguntegun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi ra bíréèkì, nítorí ọ̀kadà yìí nìkan la fi ń jẹun. Mẹkáníìkì ni kí ẹ fowó ránṣẹ́ sí, ẹ má fún mi.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣùkúrát ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé, “Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì tuntun tí Bùrọ̀dá rà fún wa, à bá ti kú.” Bó bá pè yín, tó ń ṣàdúrà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà máa ṣe àmín.

Àbúrò yín,
Mánsúrù