Ẹsẹ̀ Tí Mo Fà

Alámìísì, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Ojú ń tì mí débi pé n kò lè wo ojú ìyàwó mi, Ìyá Ràfíù.

Lánàá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó sí ihò òkété lóko ẹ̀gẹ́, mo ní ó kàn rọ́ ni. Baba mi ló máa ń wí pé ẹsẹ̀ tí ìka rẹ̀ bá ṣì ń mì, kò ṣẹ́. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á, mo sì fà á. Ó ké. Mo ní kó yéé ṣe bí ọmọdé.

Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀: egungun ti ṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì bínú. "Ẹsẹ̀ tó wú tí kò ṣeé tẹ̀, ẹ kì í fà á, ẹ máa ń gbé e wá kíá ni! Ta ló fà á?"



"Èmi fúnra mi ni," ni Ìyá Ràfíù wí.

"Bàbá, ẹ bá wọn wí o," ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi.

Mo ní mo ti kìlọ̀ fún un. Èmi yìí!

Ó ti sùn báyìí. Mo fẹ́ tún ìrọ̀rí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Lójú oorun náà, ó fa ẹsẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.