Ìwé Àyẹ̀wò Etí Dúróríkẹ́

Kàdúná, Oṣù Kẹta, 1981

Dúróríkẹ́ àbúrò mi,

Mo purọ́ mọ́ etí rẹ ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Nígbà tí dókítà Ìbàdàn gbé irin tó ń hùn lé eegun ẹ̀yìn etí rẹ, o gbọ́ ìró rẹ̀, o sì rẹ́rìn-ín. Dókítà ní ọ̀nà ìró ló dí, iṣẹ́ abẹ lè là á. Mo sọ fún ìyá wa pé iṣan etí ló kú, èyí tí kò ní àtúnṣe. Mo bẹ̀rù pé bí etí rẹ bá là, àfẹ́sọ́nà rẹ yóò mú ọ lọ, èmi ni n óò sì wálé wá tọ́jú ìyá ní Ìgànná.

Ara mi le, má ṣèyọnu. Iṣan etí tèmi nìkan ló kú báyìí. Síbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, mò ń gbọ́ ohùn rẹ: “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun?” Lánàá, ará ilé mi kọ ọ́ sórí síléètì: “Baba Mọ́ládé, ta lẹ ń dá lóhùn?” Mo ní àbúrò mi ni. Ó wẹ̀yìn, ó sì sá jáde.

Àwọn dókítà níbí ní kò tíì pẹ́ jù fún irú etí tìrẹ.

Bá mi kí Mosúnmọ́lá aládùúgbò wa àti gbogbo ilé. Ìwé tí dókítà kọ nípa etí rẹ nígbà náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Gbà á, tìrẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Cornelius