Mi Ò Tíì Kú, Ẹ Bá Mi Sọ fún Ìjọba

Rhoda ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Columbus yẹn? Ṣé o ń jẹun kánú? Olúwa tó ń ṣọ́ ẹyẹ orí òrùlé á máa ṣọ́ ọ lójú títì àti níbi iṣẹ́. Kó o tó gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu ẹlòmíì, ara mi le koko, mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo láàárọ̀ yìí, mi ò tíì kú. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Odò kún, ó wọ́ afárá wa lọ, àwọn ọmọ Tackett sì ti bá wa fi pákó tún un ṣe. Àlùbọ́sà igbó ti hù lórí òkè, ẹnu gbogbo wa ló ń rùn, kò sẹ́ni tó lè bú ẹnì kejì. Owó tó o ní o fi sínú fóònù mi, mi ò rí i o. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló yọ ọ́ lọ́nà, Olúwa á dá a lẹ́jọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Kezia, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó fi í sílẹ̀ fún mi, tó bá tirẹ̀ lọ tí kò wẹ̀yìn wò. Ní ilé ìwé ńlá yẹn, ẹ̀yìn pátá ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín títí kò fi lanu kàwé mọ́. Àmọ́ ó lọ gbìyànjú ilé ìwé kékeré tí Tíṣà Opal ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò pẹ́ tó fi ń sípẹ́lì ọ̀rọ̀ ara àpò ìyẹ̀fun fún mi. Apá wa ò ká owó ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ń san án fún òbí tó bá fẹ́ yan ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀. Ìwọ lo ní kí n fi í sílẹ̀, pé wàhálà wọn á pa mí. Díẹ̀ ló kù kó pa mí lóòótọ́.

Mísì Arlette ló ń jókòó ní láíbìrì láti bá àwa òbí kọ̀wé béèrè owó náà lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà bi mí níbi tí mò ń gbé, mo fún un ní àpótí wa ní pósí ọ́fíìsì, ó ní èèyàn kì í gbé inú àpótí. Òótọ́ ni, mi ò bá a jà. Ó tún ní ta ló wà nílé. Mo kọ èmi, Kezia àti bàbá rẹ. Má pariwo mọ́ mi! Ṣebí orúkọ wọn ló ṣì wà lórí owó iná? Ṣebí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sùn sí lórí òkè, tí à ń gbé òdòdó àti oúnjẹ lọ bá wọn lóṣù Karùn-ún? Ta ló fẹ́ yọ wọ́n nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́? Ó bèèrè iṣẹ́ wọn, mo kọ ọ́ pé wọ́n ń sinmi.

Ni ọ́fíìsì ìjọba bá kọ̀wé pé kí bàbá rẹ, Harlan Stamper, wá fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀, tàbí ká mú ẹ̀rí wá. Mo ní ìyẹn ò le. Mi ò sọ fún Arlette, mo gun òkè lọ, mo ya fọ́tò òkúta orí sàréè wọn, mo fi ránṣẹ́. Rhoda, o mọ òkúta yẹn. Orúkọ tèmi náà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí mi, nítorí ó dínwó tí wọ́n bá gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ọdún tí mo máa kú nìkan ló ṣófo. Gbogbo wa níbí là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ò mọ̀. Ni wọ́n bá bá mi kẹ́dùn ikú ara mi! Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí alágbàtọ́ Kezia ti kú, àwọn ti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì, àfi tí alágbàtọ́ tó wà láàyè bá yọjú kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.

Háà! Èmi tí mo la igi láàárọ̀ ọjọ́ náà! Mo fóònù wọn, ọkùnrin kan ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Mo ní mi ò kú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tẹ ẹẹ́ta. Mo sọ fún un pé wọn ò kọ́ ọ nílé.

Ìwọ náà wá pè, o ní Màámi, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́, mi ò gbà. Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Arlette, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó nu ojú, ó bá mi gun òkè. Ó ní kí n di ìwé ìròyìn ọjọ́ náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Mo dúró, mo fọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ya fọ́tò mi, mi ò rẹ́rìn-ín sí wọn rárá. Ó fi láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi kún un, ó sì ṣàlàyé bí a ti ń gbẹ́ òkúta níbí. Ó bẹ̀ mí pé kóun yọ bàbá rẹ kúrò. Mo ní kó yọ wọ́n nínú kọ̀ǹpútà wọn, kì í ṣe nínú ilé mi.

Èsì dé lánàá. Awò ojú mi ti sọnù sínú ilé adìyẹ, mo bá gbé ìwé náà fún Kezia. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń sípẹ́lì lọ díẹ̀díẹ̀, ó kà á pé wọ́n ti fọwọ́ sí owó ilé ìwé ọmọ náà, pé àwọn ti rí i dájú pé Verlene Stamper wà láàyè. Ó wò mí lójú, ó tún un kà sókè, kò fi ìka sí i mọ́. Mo sunkún, Rhoda, mi ò sì tijú.

Nítorí náà fi owó táyà ránṣẹ́, ẹ̀yìn òkè ni ilé ìwé náà wà, ìjọba ò sì ní bá wa ra táyà. Inú àpò ìwé ni kó o fi sí, owó tí ọwọ́ ń tẹ̀, kì í ṣe ti inú fóònù. Má sì tún sọ fún mi mọ́ pé kí n fi nǹkan sílẹ̀. Olúwa á jẹ́ kó o dàgbà, kó o darúgbó, kó o sì lágídí jù mí lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó wà láàyè, Kezia ló kà á bẹ́ẹ̀,
Verlene Stamper